Romeo àti Juliet: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjà Ìdílé Méjì àti Àìsí Alárinà

Nígbà tí Akọ̀wé bi mí ní ohun tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo sì dá a lóhùn pé ìwé eré kan tí Gẹ̀ẹ́sì kan kọ ní ohun tí ó ju irinwó ọdún lọ sẹ́yìn ni, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi mí pé ṣé ìtàn tiwa ti tán ni. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí ohun tí í ṣe tiwa kò gbọdọ̀ fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣòfò lórí ohun àjèjì lásán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń ka ìwé yìí ní ilé ẹ̀kọ́; àwọn olùkọ́ tí mo ń kọ́ ni yóò sì kọ́ wọn; bí a bá sì kọ́ wọn bí a ti kọ́ àwa, ìtàn ìfẹ́ ọmọdé méjì nìkan ni wọn yóò rí níbẹ̀. Èmi rí ohun mìíràn, ohun tí ó kan ilé wa ní Èkìtì, ìdí nìyí tí mo fi mú un wá.

Ẹni tí ó kọ ọ́ ni William Shakespeare, tí a bí ní ọdún 1564, tí ó sì kú ní ọdún 1616. Ní ọdún 1597 ni a kọ́kọ́ tẹ eré náà ní ìwé. Kí Akọ̀wé wa má ṣe bínú, Shakespeare pàápàá kọ́ ni ó ni ìtàn náà. Inú ewì gígùn kan tí Arthur Brooke tẹ̀ jáde ní ọdún 1562 ni ó ti rí i, Brooke sì gbà á láti ọwọ́ àwọn ará Ítálì tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ṣáájú. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lè yá ìtàn lò, n kò rí ohun tí ó ní kí àwa má yá a. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú ìwé kékeré tí Charles Lamb àti Mary ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1807.

Ẹ jẹ́ kí n pa á ní ṣókí fún ẹni tí ó ti gbàgbé. Ní ìlú Verona ní Ítálì, ìdílé ńlá méjì wà, Montague àti Capulet, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Romeo ọmọ Montague lọ sí àsè ní ilé Capulet pẹ̀lú ìbojú ní ojú, ó rí Juliet ọmọbìnrin onílé, ìfẹ́ sì wọ ọkàn àwọn méjèèjì kí wọn tó mọ ọmọ ẹni tí olúkúlùkù í ṣe. Ní ọjọ́ kejì, àlùfáà kan tí a ń pè ní Bàbá Laurence so wọ́n pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, Tybalt ìbátan Juliet pa Mercutio ọ̀rẹ́ Romeo. Romeo gba ẹ̀san, ó pa Tybalt. Ọba ìlú sì lé e jáde kúrò ní Verona, ó lọ sí Mantua. Baba Juliet, tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ́kọ, fi dandan lé e pé kí ó fẹ́ ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Paris. Àlùfáà fún ọmọ náà ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42, kí Romeo lè wá gbé e ní ibojì. Ìròyìn pé ó kú dé ọ̀dọ̀ Romeo, ìròyìn pé kò kú kò dé. Romeo mu májèlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jí, tí ó rí òkú ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú títí dé òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Nínú ewì Brooke, oṣù pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Shakespeare ni ó ká a kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní àyè láti ronú.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í kíyèsí títí n ó fi bi wọ́n. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà, láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, tí a gbé sọ ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀. A sọ fún wa pé ìjà àtijọ́ ni, ó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ìdílé méjèèjì pàdé ní òpópó, ọ̀kan nínú wọn sì ki àtàǹpàkò bọ ẹnu jẹ láti fi àwọn kejì ṣe ẹlẹ́yà. Kí ojú tó mọ́ gbogbo ènìyàn dáadáa, idà ti yọ, Capulet arúgbó sì ń ké pé kí a gbé idà tòun náà wá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin olóyè tí ẹ ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kò ní ṣe ìyàlẹ́nu. Ìjà ààlà ilẹ̀, a lè fa okùn sí i; ìjà gbèsè, a lè ka owó; ìjà oyè, a lè bi àwọn tí ó mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ìjà tí kò ní ìdí mọ́, ibo ni a ó ti dì í mú? Ẹni tí ó ń jà á kò lè sọ ohun tí a ó fún un kí ó tó dá ọwọ́ dúró.

Nígbà tí mo ti ka ìwé náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún púpọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé tí a kọ ránṣẹ́ nínú rẹ̀, mo sì rí i pé mẹ́rin ni ó gbé ìtàn náà lórí. Èkíní ni ìwé orúkọ àwọn tí Capulet pè sí àsè. Ó fi lé ọmọ-ọ̀dọ̀ kan lọ́wọ́ pé kí ó lọ pè wọ́n, láìrántí pé ọmọ-ọ̀dọ̀ náà kò mọ̀wé kà. Ẹni yìí dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà pé kí ó jọ̀wọ́ bá òun kà á. Romeo ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Bí a bá ti rán ìránṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì péré, eré kò bá má bẹ̀rẹ̀. (Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tí ó bá ń ráhùn lórí owó ilé ẹ̀kọ́.)

Ìwé kejì ni Tybalt kọ, tí ó fi pe Romeo níjà, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé baba rẹ̀. Romeo kò sùn nílé ní òru náà, kò sì sí ibi tí a gbé sọ pé ó rí ìwé náà kà. Nígbà tí ó pàdé Tybalt ní ọ̀sán, tìfẹ́tìfẹ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó ti di àna rẹ̀ láti wákàtí kan sẹ́yìn, ohun tí Tybalt kò mọ̀. Ọ̀kan mú ìjà wá, èkejì mú àna wá, kò sì sí ẹnì kẹta tí ó lè sọ fún wọn ohun tí olúkúlùkù dì mọ́ra. Ènìyàn méjì kú níbẹ̀.

Ìwé kẹta ni ti Bàbá Laurence sí Romeo ní Mantua, láti sọ pé oorun ni Juliet ń sùn. Capulet ti fi ìgbéyàwó sí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Juliet kúnlẹ̀ tí ó díbọ́n pé òun gbà, inú baba náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fà á padà sí Ọjọ́rú. Ayọ̀ baba ni ó gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àlùfáà mìíràn, John, ni a fi ìwé náà rán. Ó lọ wá ẹnì kejì tí wọn yóò jọ rìn, ẹni tí ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Àwọn olùtọ́jú ìlú fura pé àjàkálẹ̀-àrùn wà ní ilé náà, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìwé náà kò kúrò ní Verona. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọ̀dọ̀ Romeo, tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i tí a gbé Juliet sí ibojì, sáré dé Mantua kíákíá. Kò purọ́ o. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní Verona, òtítọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ibojì ni ó ti bá a.

Ìwé kẹrin ni èyí tí Romeo kọ sí baba rẹ̀ kí ó tó kú, láti ṣàlàyé ohun gbogbo. Òun nìkan ni ó rí ẹni kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọba ìlú ni ó sì kà á, níwájú òkú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé bí a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ní ayé àwọn baba wa, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó dé ojú àgbàlá, alárinà ti lọ, ó ti bọ̀. Àwọn ará ilé ti wádìí: ṣé kò sí àrùn kan nínú ìdílé náà, ṣé kò sí gbèsè, ṣé ìwà wọn dára, ṣé kò sí ìjà àtijọ́ láàárín wa? Bí ìjà bá wà, ibẹ̀ gan-an ni a ó ti gbọ́, àwọn àgbà yóò sì pinnu bóyá kí a parí rẹ̀ ni tàbí kí a fi ọmọ náà sílẹ̀. Alárinà kì í fi ara pamọ́ fún òbí. Ilé méjèèjì mọ̀ ọ́n, ilé méjèèjì sì lè mú un bí ó bá purọ́. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba, a kò sì fi bú u. Bẹ́ẹ̀ ni àrokò náà rí. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. A kò fi í lé ẹni tí kò lè kà á lọ́wọ́ bí Capulet ti ṣe.

N kò sọ pé àṣà wa kò ní àbùkù. Wọ́n fi ọmọbìnrin púpọ̀ fún ẹni tí wọn kò fẹ́, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ́nà. Juliet kò tíì pé ọmọ ọdún 14; ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà kò gbà kí a gbé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 níyàwó, mo sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ mi pé kí wọ́n sọ èyí ketekete kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kìíní, kí ọmọbìnrin kankan má baà rò pé ohun tí a ń yìn fún òun nìyẹn.

Àwọn méjì ni ó ṣe bí alárinà ní Verona. Alágbàtọ́ Juliet ni ọ̀kan: ó jẹ́ iṣẹ́ fún un títí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó le, ó yí padà, ó ní kí ọmọ náà gbàgbé Romeo kí ó fẹ́ Paris. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bínú sí i, mo sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n bínú. Bàbá Laurence ni èkejì, òun sì ni ó ṣòro fún mi, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe. Ìdí tí ó fi so wọ́n pọ̀ dára: ó rò pé ìgbéyàwó náà lè sọ ìkórìíra ìdílé méjì di ìfẹ́. Àlùfáà wo ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ìgbéyàwó parí ìjà ìdílé méjì, kò sì sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé ìgbéyàwó wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó ní láti lọ bá Capulet kí ó sì wí pé, ‘Bàbá, mo ti ṣe ohun kan.’ Kò lọ. Nígbà tí ó sì gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu ibojì, ó sá, ó fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú òkú.

Ẹ̀yin ará, n kò lè ka ibẹ̀ láìdákẹ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó lé ní ogún ọdún nísinsìnyí, nígbà tí mo jẹ́ díákónì ní ìlú kan ní Èkìtì tí n kò ní dárúkọ. Ìdílé méjì wà nínú ìjọ náà tí wọn kì í jókòó sí apá kan náà nínú ilé Ọlọ́run. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ oko ọ̀pẹ ni, ẹlòmíràn ní ẹran ìsìnkú ni a kò pín dáadáa; kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ́ nínú àwọn tí ó mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ̀kan, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti èkejì, fẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà rí iṣẹ́ sí Kàdúná. Baba ọmọbìnrin kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ìwé kan, ó gbé e tọ̀ mí wá, nítorí ó gbọ́ pé mo ń lọ sí Kàdúná fún ìpàdé ìjọ. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá àwọn àgbà ìdílé méjèèjì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé bí àwọn ọmọ náà bá ṣe ohun kan kí n tó parí, wọn yóò ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo fi ìwé náà sínú Bíbélì mi. Mo lọ sí Kàdúná, mo rí ọkùnrin náà, a jọ jẹun, n kò sì fún un. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó fi ránṣẹ́ sí i. Ó ti ka àìgbọ́ràn-án sí ìkọ̀sílẹ̀, ó ti dána fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, obìnrin náà, tí ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí mo lọ. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní, ‘Ẹ ṣé, Bàbá,’ ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n èmi kò parí ìjà kankan, àwọn ìdílé méjèèjì kò sì tíì máa kí ara wọn.

Ohun tí èmi àti Laurence kò lè ṣe, àwọn àlùfáà méjì ọmọ Yorùbá ti ṣe é ní ilẹ̀ yìí rí, nínú ìjà tí ó tóbi ju ti Verona lọ fíìfíì. Gbogbo yín ni ẹ mọ Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ìdí ìjà náà kò fara sin: àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni, àti ohun tí ojú àwọn ará wa rí lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ ìwé sí Gómìnà ní Èkó pé kí ó bá wọn dá sí i, Samuel Johnson ni ó sì fi rán. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson yìí àti Charles Phillips, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó: Johnson lọ sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn àti Aláàfin, Phillips lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtì. Ojú ọ̀sán ni wọ́n rìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí apá kan kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbé lọ sí apá kejì, àwọn olórí ogun sì mọ ẹni tí ó rán wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà a kọ ìwé àdéhùn ní Èkó, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án a sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ojú ogun. Kò pé; ọdún 1893, ní ìgbà Gómìnà Carter, ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó ní ibùdó mọ̀ ní ọdún méje náà pé ohùn ìhà kejì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Johnson pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìwé tí kì í dé. Ìwé ìtàn ńlá tí ó kọ nípa ilẹ̀ wa, tí ó parí ní ọdún 1897, sọnù nígbà tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní ọdún 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921.

Àwọn àgbà kan ti sọ fún mi pé ìwé eré yìí ń kọ́ ọmọ ní àìgbọràn. N kò jiyàn pé Juliet kò gbọràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ni ọmọ náà ìbá lọ bá, wọn kò rí ẹnì kan. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Baba rẹ̀ ní bí kò bá gbà kí ó kú sí ojú òpópó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti apá Ìgèdè dìde ní ọjọ́ kan, ó ní, ‘Bàbá, ṣé Juliet kò ní àbúrò baba tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó lè bá a bẹ baba rẹ̀ ni?’ Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ ìbéèrè náà sí ojú pátákó, mo sì lo gbogbo wákàtí tí ó kù lórí rẹ̀.

Ní òpin eré, Montague àti Capulet di ọwọ́ ara wọn mú níwájú òkú. Montague ní òun yóò fi wúrà ṣe ère Juliet. Capulet ní tòun fún Romeo yóò dára bákan náà. Àwọn kan rí àlàáfíà níbẹ̀. Èmi, tí mo ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibojì púpọ̀, ń gbọ́ baba méjì tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn dù ú.

Kábíyèsí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń sọ ìpele ìkẹyìn náà di Yorùbá, ní ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Bí Ẹgbẹ́ bá gbà, wọn yóò wá kà á ní gbọ̀ngàn ìlú ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. A ní Romeo, a ní Juliet, a ní àwọn baba méjèèjì, èmi yóò sì ka ti Laurence. A kò tíì ní ẹni tí yóò jókòó bí ọba Verona láti gbọ́ ẹjọ́ náà, mo sì ń bẹ ẹ̀yin olóyè pé kí ẹ fi ọ̀kan nínú yín fún wa. Mo fẹ́ kí ó bi Laurence ní ìbéèrè bí ẹ ti ń bi ẹni tí a mú wá sí iwájú yín níbí, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí ó tètè jókòó.